Odò Kò Jìn, Ìwé Ni Ó Jìn

Nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí, ìlú ńláńlá ni a máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù: owó ilé ní New York, òtútù ní Chicago, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ní Houston. Lọ́tẹ̀ yìí, abúlé kékeré kan ni a fẹ́ kí ẹ bá wa dé. Orúkọ rẹ̀ ni Boquillas del Carmen. Orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò ni ó wà, ní ìpínlẹ̀ Coahuila, ní etí odò Rio Grande gan-an. Bí ènìyàn bá dúró ní etí odò náà tí ó wo òdìkejì, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ń wò yẹn, ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí ọgbà ìpamọ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní Big Bend wà.

Àwọn kan nínú yín lè máa bi ara wọn léèrè pé, kí ni ọ̀rọ̀ abúlé àwọn ará Mẹ́síkò fi kan ọmọ Yorùbá tí ó wá kàwé? Ìdáhùn wa ni pé gbogbo àwa tí a wá láti òkèèrè, orí ìwé àṣẹ ni a jókòó lé ní ilẹ̀ yìí. Bí ìwé bá pé, a óò sùn, a óò han-an-run. Bí ìwé bá yẹ̀ díẹ̀, oorun á dá lójú ẹni. Abúlé tí a ń sọ yìí náà, orí àṣẹ ni ó jókòó lé, ó sì ti rí ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn nígbà tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rárá bá yí àṣẹ padà. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ìtàn rẹ̀ yẹ fún wa láti gbọ́.

Ibi tí abúlé náà wà

Odò Rio Grande gùn púpọ̀. Àwọn ará Mẹ́síkò kì í pè é bẹ́ẹ̀. Río Bravo ni wọ́n ń pè é. Láti ìlú El Paso títí dé òkun ni odò yìí ti jẹ́ ààlà láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì. Níbi kan ní àárín ọ̀nà, odò náà sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà gúúsù, ó wá ṣẹ́rí padà sókè bí ìgbà tí ènìyàn bá tẹ apá rẹ̀ ní ìgúnpá. Ìtẹ̀kọrọ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní Big Bend. Aṣálẹ̀ ni gbogbo àyíká ibẹ̀. Igi ńlá kò pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀gún ni ó pọ̀. Òkè ńlá kan, Sierra del Carmen, dúró gbagidi lẹ́yìn abúlé náà bí ògiri, nígbà tí oòrùn bá sì ń wọ̀, gbogbo ara òkè náà a máa pọ́n yòò.

Ní èdè Sípéènì, ìtumọ̀ Boquillas ni "àwọn ẹnu kéékèèké". Ní ìsàlẹ̀ abúlé náà díẹ̀, odò wọ inú àfonífojì tóóró kan tí òkúta ga ní apá ọ̀tún àti apá òsì rẹ̀, bí ẹni pé òkè la ẹnu tí ó sì gbé omi mì.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ jù lọ nípa ibẹ̀ ni bí ọ̀nà ti rí. Ìlú tí ó súnmọ́ abúlé yìí jù ní ilẹ̀ Mẹ́síkò tí ènìyàn ti lè ra ohun tí ó bá fẹ́ ni Múzquiz. Láti Boquillas dé ibẹ̀, ó tó nǹkan bí kìlómítà 250, nínú aṣálẹ̀, lórí ọ̀nà tí ó jẹ́ eruku àti òkúta fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ní òdìkejì odò, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣọ́ọ̀bù kan wà nínú ọgbà ìpamọ́ náà, ní ibùdó tí wọ́n ń pè ní Rio Grande Village. Ibẹ̀ kò jìnnà rárá. Ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀ ní òwúrọ̀, kí ó ra ìyẹ̀fun, ṣúgà àti epo, kí ó sì padà sílé kí oòrùn tó mú. Ẹ ò rí i? Abúlé wà ní Mẹ́síkò, ọjà rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà.

Bí àwọn ènìyàn ṣe débẹ̀

Ní ọdún 1848, lẹ́yìn ogun tí Amẹ́ríkà bá Mẹ́síkò jà, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Guadalupe Hidalgo, wọ́n sì fi odò náà ṣe ààlà. Kì í ṣe àwọn tí ó ń mu omi odò ni wọ́n pè jókòó nígbà tí wọ́n ń kọ ìwé náà. Àwọn àgbà wa sọ pé ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Àwọn tí ó la ilẹ̀ sí méjì, wọn kò wọ bàtà yẹn.

Ohun tí ó kó àwọn ènìyàn jọ sí Boquillas ni ìwakùsà. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n rí òjé àti fàdákà nínú òkè tí ó wà lẹ́yìn abúlé náà. Abúlé kún fún òṣìṣẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1909, wọ́n ta okùn irin láti orí òpó dé orí òpó, ó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 10, ó sì kọjá lórí odò bọ́ sí ilẹ̀ Texas. Inú garawa irin tí ó rọ̀ sára okùn yìí ni òkúta àti ohun àmúṣọrọ̀ inú rẹ̀ ti ń fò lójú ọ̀run kọjá ààlà. Tí ó bá dé òdìkejì, wọn a kó o sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ìbaaka ń fà, ó di ọ̀nà ìlú Marathon, níbi tí ọkọ̀ ojú irin wà. Ní ọdún 1919, iṣẹ́ náà dúró. Títí di òní, ẹni tí ó bá rìn nínú ọgbà Big Bend lè rí àwókù àwọn òpó náà àti okùn irin tí ó ti dípẹtà nílẹ̀.

Nígbà tí ìwakùsà parí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kó lọ. Àwọn tí ó kù ń sin ewúrẹ́, wọ́n ń dáko díẹ̀ sí etí odò, wọ́n sì ń se ìda. Ìda yìí kì í ṣe ti oyin o. Ewéko kan wà ní aṣálẹ̀ náà tí wọ́n ń pè ní candelilla. Ó dàbí òpó ìgbálẹ̀ tí a kì mọ́lẹ̀. Wọn a fà á tu, wọn a sè é nínú agbada ńlá pẹ̀lú omi àti ásíìdì, ìda rẹ̀ a sì léfòó sójú omi bí ìfófò, wọn a bù ú kúrò. Wọ́n ń lò ó fún ohun ìkunra ètè, fún ohun dídán àti fún ṣingọ́ọ̀mù. Iṣẹ́ aláàárẹ̀ ni, owó rẹ̀ kò sì pọ̀.

Ọgbà ìpamọ́ dé

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1944, ìjọba Amẹ́ríkà dá ọgbà ìpamọ́ Big Bend sílẹ̀. Ohun tí à ń pè ní ọgbà ìpamọ́ ni ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà kọ́lé tàbí wa kùsà níbẹ̀, kí igi, ẹranko àti òkè ibẹ̀ lè wà bí Ọlọ́run ti dá wọn. Ilẹ̀ yìí ju kìlómítà 3,200 lọ ní ìbú àti òòró, odò sì jẹ́ ààlà rẹ̀ fún nǹkan bí kìlómítà 190. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, Ààrẹ Roosevelt kọ lẹ́tà sí Ààrẹ Ávila Camacho ti Mẹ́síkò. Èrò rẹ̀ ni pé ọgbà náà kò tíì pé àfi bí ti Mẹ́síkò bá dara pọ̀ mọ́ ọn, kí ó di ọgbà ńlá kan ṣoṣo fún orílẹ̀-èdè méjèèjì. Èrò yẹn kò tíì ṣẹ bí ó ti wí i. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1994, Mẹ́síkò náà ya ilẹ̀ ńlá sọ́tọ̀ ní apá tirẹ̀, wọ́n sì pè é ní Maderas del Carmen. Bí abúlé Boquillas ṣe di abúlé tí ó wà láàárín igbó ìpamọ́ méjì nìyẹn. Kò sí ilé iṣẹ́ ńlá tí ó lè dé ibẹ̀ mọ́. Ohun tí ó kù tí ó lè mú owó wọlé ni àlejò.

Àlejò sì ń wá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí ó bá wá ṣe àbẹ̀wò sí Big Bend a máa sọ̀ kalẹ̀ sí etí odò, ọmọkùnrin kan láti abúlé a sì fi ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan gbé e kọjá. Ní òdìkejì, kétékété tàbí ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ a gbé e dé abúlé. A jẹun, a mu nǹkan tútù, a ra ọ̀pá ìtilẹ̀ tí wọ́n fín lára, tàbí àkekèé tí wọ́n fi wáyà bàbà àti ìlẹ̀kẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn èyí, a padà. Kò sí ẹni tí ó béèrè ìwé. Àwọn ará abúlé náà a máa kọjá wá ra oúnjẹ ní ṣọ́ọ̀bù ọgbà. Àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà mọ̀ wọ́n lórúkọ, wọ́n mọ ọmọ wọn. Lójú òfin, ààlà ni odò. Lójú àwọn tí ń gbé ibẹ̀, odò ni odò.

Ọdún 2002

Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú kọlu New York àti Washington. Ìbẹ̀rù bo gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí wo gbogbo ẹnubodè pé níbo ni ọ̀tá tún lè gbà wọlé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2002, wọ́n pàṣẹ pé gbogbo ibi tí wọ́n ń gbà kọjá odò láìsí òṣìṣẹ́ ẹnubodè ní agbègbè Big Bend ti di títì. Ẹni tí ó bá kọjá lè san owó ìtanràn tó dọ́là 5,000, ó sì lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan.

A kò sọ pé ìjọba kò ní ìdí. Onílé ní ẹ̀tọ́ láti ti ilẹ̀kùn rẹ̀, pàápàá nígbà tí olè ti wọ ilé náà rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Boquillas, tí kò mọwọ́, tí kò mọ ẹsẹ̀. Àlejò kò wá mọ́. Àwọn ilé oúnjẹ pa iná. Ọkọ̀ odò dojú bolẹ̀ sórí iyanrìn. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń wò ní òkèèrè, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbóòórùn búrẹ́dì inú rẹ̀, di ibi tí wọn kò lè dé. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ìyẹ̀fun, àfi kí ó rin kìlómítà 250 lọ sí Múzquiz, kìlómítà 250 bọ̀. Báwo ni ẹni tí kò ní ọkọ̀ yóò ṣe ṣe é? Abúlé tí ó ní nǹkan bí 200 ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dín kù sí nǹkan bí 100. Kò sí ẹni tí ó lé wọn. Ebi ni ó lé wọn.

Àwọn tí ó kù wá ọgbọ́n dá. Ní òru tàbí ní ìdájí, wọn a kọjá wá sí apá Amẹ́ríkà, wọn a to ọ̀pá àti àkekèé onílẹ̀kẹ̀ sórí òkúta ní ẹ̀bá ọ̀nà tí àwọn àlejò ń rìn, wọn a kọ iye owó rẹ̀, wọn a gbé ìgò sílẹ̀ fún owó, wọn a sì padà sí òdìkejì lọ máa ṣọ́ ọ láti òkèèrè. Ọjà àfowósílẹ̀ ni, bí irú èyí tí a máa ń rí ní ẹ̀bá oko nílé, tí olóko a to iṣu tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kalẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí náà lòdì sófin. Ọgbà lẹ pátákó pé kí àlejò má rà á, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń kó ọjà náà lọ bí wọ́n bá rí i.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó mú wa ronú púpọ̀. Láti bí ọdún 1990 ni ọgbà Big Bend ti kọ́ àwọn ọkùnrin kan láti Boquillas àti àwọn abúlé tí ó yí i ká ní iṣẹ́ panápaná. Los Diablos ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn "àwọn Bìlísì", nítorí bí wọ́n ṣe ń wọ inú iná láìbẹ̀rù. Kì í ṣe Big Bend nìkan ni wọ́n ti ṣiṣẹ́; wọ́n ti bá Amẹ́ríkà pa iná igbó ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n ti ẹnubodè, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ọkùnrin yìí. Bí iná bá sọ, wọ́n lè kọjá wá pa á. Bí iná bá kú, kí wọ́n máa lọ. Ọkùnrin tí ó gba igbó Amẹ́ríkà sílẹ̀ lọ́wọ́ iná ní ọjọ́ Ajé, bí ó bá kọjá odò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun láti ra ìyọ̀, arúfin ni. A kò fi èyí bú ẹnikẹ́ni. A kàn ń sọ bí òfin ṣe máa ń rí nígbà tí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ènìyàn nìkan ni ó mọ̀, tí kò mọ ènìyàn.

Ilé wa náà mọ̀ ọ́n

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Amẹ́ríkà nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé jókòó ní Paris, wọ́n fa ìlà lórí ilẹ̀ wa. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tí ó jẹ́ ti Kétu bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọba kan, èdè kan, ọjà kan, wọ́n di ará ìlú méjì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà ti gbogbo ẹnubodè orí ilẹ̀ nítorí ìrẹsì àti epo tí àwọn onífàyàwọ́ ń kó. Wọ́n ṣí díẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ṣùgbọ́n ti Ìdí-Ìrókò di oṣù kẹrin ọdún 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Ẹ bi ẹni tí ó bá ti ọ̀nà ibẹ̀ wá léèrè bí ọdún wọ̀nyẹn ti rí fún alájà, fún onímọ́tò àti fún ìyá tí ó ń ta oúnjẹ ní ibùdókọ̀. Àwọn onífàyàwọ́ mọ ọ̀nà inú igbó. Ẹni tí ó ń gba ojú títì lọ ní ọ̀sán gangan ni ilẹ̀kùn náà tì mọ́ ìta. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Boquillas.

Bí wọ́n ṣe ṣí i padà

Ọdún 11 ni ẹnubodè Boquillas fi wà ní títì. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 2013, wọ́n ṣí i padà, lọ́nà tí kò tíì sí irú rẹ̀ rí ní ààlà orílẹ̀-èdè méjèèjì. Wọ́n kọ́ ilé kékeré kan sí etí odò ní apá Amẹ́ríkà. Kò sí òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ni ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ti Mẹ́síkò bọ̀ yóò fi ìwé ìrìnnà rẹ̀ sí ojú ẹ̀rọ náà, yóò gbé tẹlifóònù, aṣọ́bodè kan tí ó wà ní El Paso, ọ̀nà jíjìn réré, yóò sì máa wò ó nínú ẹ̀rọ, yóò bi í ní ìbéèrè, yóò sì ní kí ó kọjá. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ṣí i, tí ọjọ́ bá sì rọ̀, wọn a tì í. Ẹni tí ó bá ṣẹ́ kù sí òdìkejì lẹ́yìn náà, àfi kí ó wá ibi sùn.

Ìyè padà sí abúlé náà díẹ̀díẹ̀. Àwọn tí ó lọ bẹ̀rẹ̀ sí bọ̀ wálé, wọ́n tún kun ilé oúnjẹ lọ́dà. Ní ọdún 2015, iná mànàmáná tí wọ́n ń rí lára oòrùn dé ibẹ̀. Ẹ rò ó wò: abúlé tí ó ń wo iná ṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà lálaalẹ́ láti òdìkejì odò, ọdún 2015 ni ó tó tan tirẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, àrùn Kòrónà tún ti ilẹ̀kùn náà pa, ó sì di oṣù kọkànlá ọdún 2021 kí ó tó ṣí. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn láàárín ogún ọdún.

Ohun tí a rí níbẹ̀

Ní ìgbà ìsinmi kan, àwa méje nínú ẹgbẹ́ fi ọkọ̀ méjì lọ síbẹ̀. Láti Austin, ó gbà wá tó wákàtí mẹ́jọ. Nígbà tí a dé etí odò, ẹnu yà wá. Èyí ha ni Rio Grande tí a ń gbọ́ òkìkí rẹ̀? Omi kò kọjá orúnkún ní ibi púpọ̀. Àwọn ọmọdé ń ṣeré láàárín rẹ̀, ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ wọn kan wà ní Mẹ́síkò, èkejì sì wà ní Amẹ́ríkà, kò sì dí wọn lọ́wọ́ eré. Àwọn tí ó mọ̀ sọ pé ìsédò tí ó wà ní òkè lọ́hùn-ún, pàápàá ti Elephant Butte tí wọ́n parí ní ọdún 1916, ti gba omi odò náà tán kí ó tó dé ìhín, pé omi tí ó ń ṣàn níwájú wa, láti inú odò Conchos ti Mẹ́síkò ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Ní ọdún 2022, apá kan odò náà nínú ọgbà Big Bend gbẹ pátápátá, ó ku òkúta àti ẹrẹ̀. Odò tí à ń fi dá ènìyàn dúró kò lè dá ara rẹ̀ dúró mọ́.

Ṣùgbọ́n odò tí kò mu ni dé orúnkún yìí, àwa mẹ́rin péré ni a kọjá rẹ̀. Ìwé àwọn mẹ́ta yòókù kò jẹ́. Ẹ gbọ́ ọ yé o: wọn kò rú òfin Amẹ́ríkà kankan. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ wọn pé, ìdúró wọn ní ìlú yìí tọ̀nà. Físà inú ìwé ìrìnnà wọn ni ó ti parí. Mẹ́síkò a máa gba ọmọ Nàìjíríà wọlé láìgba físà tiwọn bí ó bá ní físà Amẹ́ríkà tí kò tíì kú. Bí èyí bá ti kú, àfi kí ó lọ tọrọ ti Mẹ́síkò. Ọ̀rọ̀ yìí sì wá le sí i, nítorí pé ní oṣù keje ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé físà tí wọ́n máa ń fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, tí ó fi mọ́ ti akẹ́kọ̀ọ́, yóò jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, fún oṣù mẹ́ta péré.

Nítorí náà, àwọn mẹ́ta dúró lórí iyanrìn. Àwa mẹ́rin wọ ọkọ̀ pẹlẹbẹ náà, atukọ̀ fi àjẹ̀ wà á ní bí ìṣẹ́jú méjì, a bọ́ sí ilẹ̀ Mẹ́síkò. A gun kétékété. Wọ́n ń wò wá, wọ́n ń fi wá rẹ́rìn-ín, a sì ń gbọ́ ẹ̀rín wọn kedere. Ní abúlé, òṣìṣẹ́ kan wo ìwé wa. A jẹ ẹran ewúrẹ́ pẹ̀lú ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní tortilla. Ata wọn ta wa lẹ́nu, ara sì tù wá bí ẹni pé a wà nílé. Ìyá tí ó se é kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwa náà kò gbọ́ Sípéènì, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí i pé a fi ìka lá abọ́, ó bu díẹ̀ sí i fún wa, kò sì gba owó rẹ̀. A ra àpò mẹ́ta tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sí lára fún àwọn tí ó dúró dè wá. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé a lè gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ ẹni kedere tó bẹ́ẹ̀ láti orílẹ̀-èdè mìíràn.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú dání

Àkọ́kọ́ ni pé ó rọrùn láti ti ilẹ̀kùn, iye tí ó sì ń ná ẹni tí ó tì í kì í hàn sí i, nítorí ẹlòmíràn ni ó ń san án. Ọdún 11 ni wọ́n fi gbàgbọ́ pé àfi kí Boquillas wà ní títì kí Amẹ́ríkà tó lè sùn. Nígbà tí wọ́n wá ọgbọ́n dé e, ilé kékeré kan, ẹ̀rọ kan àti tẹlifóònù ni ó yanjú rẹ̀. Nínú wa ni a óò ti rí àwọn tí yóò di agbẹjọ́rò, oníṣirò, onímọ̀ ẹ̀rọ àti aṣojú ìjọba nílé lọ́la. Ọ̀pọ̀ yín ni wọn yóò gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ síwájú rẹ̀ kí ó fọwọ́ sí i. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ béèrè orúkọ àwọn abúlé tí ó wà lórí ìlà náà, kí ẹ sì béèrè ibi tí wọ́n ti ń ra ìyọ̀.

Èkejì ni pé bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ lọ wo ibẹ̀, kí ó kọ́kọ́ kọ̀wé sí ọ́fíìsì tí ó ń bójú tó akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì ní ilé ìwé rẹ̀, kí ó sì dúró de èsì kí ó tó gbéra. Kí ó mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ àti ìwé I-20 rẹ̀ dání, kì í ṣe àwòrán wọn nínú fóònù. Ní Boquillas, kò sí aṣọ́bodè tí ènìyàn lè dọ̀bálẹ̀ fún tàbí kí ó bẹ̀. Ẹ̀rọ ni ó wà níbẹ̀. Ẹ mú owó Amẹ́ríkà kéékèèké lọ́wọ́, kí ẹ sì ra nǹkan lọ́wọ́ wọn. Wọn kì í ṣe alágbe, oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n, iṣẹ́ wọn sì dára. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá jẹ́ kò gbọdọ̀ tan ara rẹ̀ pé odò kò jìn. Kí ó jókòó sí etí odò ní apá ìhín, kí ó fi oúnjẹ rẹ̀ ṣe fàájì, kí ó sì wo òkè Sierra del Carmen nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Ìyẹn kò gba físà.

Ìwé á pé, ilẹ̀kùn á ṣí, a ó sì padà bá wọn nílé láyọ̀.